Orí Keje: Ilẹ̀, Òkun àti Ìdàgbàsókè Kúbà

Ibi tí Havana wà lónìí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó sí. Ní nǹkan bí ọdún 1514, etíkun gúúsù ni àwọn ará Sípéènì fi í sí, ní agbègbè Batabanó. Irà pọ̀ níbẹ̀, omi òkun ò jìn, ọkọ̀ ńlá ò sì lè sún mọ́ ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1519, wọ́n ti kó ìlú náà lọ sí etíkun àríwá, ní òdìkejì erékùṣù. Irà lé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fà wọ́n lágbára ju ohun tó lé wọn lọ. Wọ́n ti rí i pé ọ̀nà kan wà nínú òkun ní apá àríwá, tó dára ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ fún ọkọ̀ tó bá ń ti Mẹ́síkò padà sí Yúróòpù.

Ìṣàn omi gbígbóná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gulf Stream ni ọ̀nà náà. Omi Òkun Kàríbíánì ń gba àárín Kúbà àti Yucatán wọ inú ìyawọlẹ̀ omi Mẹ́síkò, ó ń gba àárín Kúbà àti Florida jáde, lẹ́yìn náà ló máa ń yí sí àríwá, tí yóò sì dorí kọ ìhà Yúróòpù. Lọ́dún 1513, Antón de Alaminos, tó ń tukọ̀ fún Juan Ponce de León, kíyè sí i nítòsí Florida pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ìgbòkun síwájú, bẹ́ẹ̀ ni omi ń fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Nígbà tí Hernán Cortés fẹ́ fi ìṣúra ránṣẹ́ sí ọba Sípéènì láti Mẹ́síkò ní 1519, Alaminos kan náà ló tukọ̀. Omi tó dá a padà lọ́jọ́sí ló jẹ́ kó gbé e lọ sílé.

Láti nǹkan bí ọdún 1560 síwájú, ọkọ̀ tó kó fàdákà Mẹ́síkò àti èyí tó kó ti Perú gba Panama máa ń pàdé ní Havana, kí wọ́n lè jọ la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lẹ́yìn wọn. Èbúté náà bá iṣẹ́ yìí mu: ẹnu rẹ̀ tóóró, inú rẹ̀ fẹ̀, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́ wọlé. Àwọn atukọ̀ á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n á sì dúró de àwọn tó kù. Nítorí wọn ni àwọn ará ìlú fi ń da màlúù, tí wọ́n ń sá ẹran, tí wọ́n sì ń ta awọ. Igi líle inú igbó Kúbà di pákó ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan Santísima Trinidad ní 1769, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun tó tóbi jù láyé nígbà náà.

Ibi tí ọlọ́rọ̀ ń gbà kọjá, olè á ba síbẹ̀. Jacques de Sores, ajàlèlókun ará Faransé, dáná sun Havana ní 1555. Sípéènì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi odi yí èbúté náà ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ odi El Morro ní 1589. Owó Mẹ́síkò ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, nítorí erékùṣù náà fúnra rẹ̀ kò tíì mú ohun púpọ̀ jáde. Ibi tó dúró sí ló ń jẹ. Santiago de Cuba tó jẹ́ olú ìlú tẹ́lẹ̀ wà ní gúúsù ìlà oòrùn, kò sí lójú ọ̀nà ọkọ̀ fàdákà. Láti 1553 ni gómìnà ti kó lọ sí Havana. Títí dòní, kọ́kọ́rọ́ kan wà láàárín ṣóńṣó ilẹ̀ méjì nínú àmì orílẹ̀-èdè Kúbà: Kúbà ni kọ́kọ́rọ́ ìyawọlẹ̀ omi Mẹ́síkò.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání nínú orí yìí nìyí. Erékùṣù kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń yí padà, pẹ̀lú ohun tí onítọ̀hún ń wá, ìyẹn náà ló sì ń sọ bóyá ibi tí erékùṣù wà yóò jẹ́ èrè fún un tàbí ìdààmú.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Kúbà gùn gbọọrọ. Láti Cabo San Antonio ní ìwọ̀ oòrùn dé Punta de Maisí ní ìlà oòrùn tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà, ṣùgbọ́n ibi tó ti tóóró jù, ní ìhà Mariel, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn erékùṣù kéékèèké tó yí i ká, tó 110,000 kìlómítà níbùú lóròó, kò sì sí erékùṣù Kàríbíánì mìíràn tó tóbi tó o.

Ẹni tó bá ń gbé ní Kúbà kò lè jìnnà sí òkun ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. Èyí dára fún ẹni tó ní ẹrù láti kó ránṣẹ́ sókè òkun. Ṣùgbọ́n ìrísí yìí kan náà ló sọ odò ibẹ̀ di kúkúrú, nítorí àárín erékùṣù ló ga díẹ̀, omi òjò á sì yà sí àríwá tàbí gúúsù, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa bọ́ sínú òkun. Cauto, ní ìlà oòrùn, nìkan ló gùn ju 300 kìlómítà lọ. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ jù. Oṣù tó kù gbẹ. Omi tó rọ̀ lọ́pọ̀ yanturu nígbà òjò ti wà nínú òkun kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Òkè pọ̀ ní ibi mẹ́ta: Guaniguanico ní ìwọ̀ oòrùn, Guamuhaya láàárín, àti Sierra Maestra ní ìlà oòrùn, níbi tí ṣóńṣó Turquino ti ga tó 1,974 mítà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó kù tẹ́jú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Kúbà àti Jàmáíkà tó múlé gbè é nìyẹn, nítorí òkè ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Jàmáíkà. Ní ẹkùn Havana àti Matanzas, ilẹ̀ pupa tó jìn wà lórí òkúta ẹfun, ó rọrùn láti ro, omi òjò kì í sì í dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Ìrèké fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò oṣù mẹ́fà á mú un ga, ẹ̀ẹ̀rùn á mú kí adùn rẹ̀ pọ̀, àwọn agé-ìrèké á sì wọ oko nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí ènìyàn bá tún rìn sí ìwọ̀ oòrùn dé Pinar del Río, ilẹ̀ á di oníyanrìn, tábà ló sì gba ibẹ̀. Ewé tábà San Juan y Martínez ti lókìkí káàkiri ayé.

Ìrèké àti àwọn tó gé e

Ó lé ní igba ọdún tí ilẹ̀ pupa yẹn fi wà lábẹ́ igbó àti màlúù. Ilẹ̀ wà, òjò wà, ṣùgbọ́n ọjà kò tíì pe Kúbà. Ní 1762, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Havana, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mọ́kànlá níbẹ̀. Oníṣòwò wọlé, ọkọ̀ ẹrú wọlé, àwọn olóko sì fojú ara wọn rí ohun tí èbúté tó ṣí sílẹ̀ lè mú wá. Lẹ́yìn náà ni 1791 dé: àwọn ẹrú Saint-Domingue, tó di Háítì lẹ́yìnwá, dìde láti gba ara wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ tó ń pèsè ṣúgà jù láyé dáwọ́ dúró. Francisco de Arango y Parreño, aṣojú àwọn olóko Havana ní Madrid, kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ bá ìjọba Sípéènì pé àsìkò Kúbà ti tó.

Ìrèké kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti gé e, adùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí náà ọlọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí oko. Igi ìdáná sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọlọ. Bí igbó tó sún mọ́ etíkun ṣe ń tán, bẹ́ẹ̀ ni oko ń wọnú lọ, tí kẹ̀kẹ́ màlúù sì ń rì sínú ẹrẹ̀ pupa lójú ọ̀nà èbúté. Ojútùú tí wọ́n rí sí i yani lẹ́nu: ní oṣù kọkànlá 1837, ọkọ̀ ojú irin gbéra láti Havana lọ sí Bejucal, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì dé Güines, àárín oko ìrèké. Sípéènì tó ń ṣàkóso Kúbà kò ní ojú irin nílé ara rẹ̀ títí di 1848. Ilẹ̀ títẹ́jú ló jẹ́ kí irin náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti tò.

Àwọn ènìyàn tí wọ́n jí gbé ló ru gbogbo ẹrù yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òwò ẹrú títí dé òpin rẹ̀, nǹkan bí 780,000 ọmọ Áfíríkà ni ọkọ̀ já sí Kúbà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lẹ́yìn 1790. Bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe ń wó tí ogun sì ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní Èkó àti Wídà pọ̀ sí i nínú wọn. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Kúbà. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n kó wọn lọ. Ibi tí ilẹ̀ pupa wà, tí irin gbà kọjá, ní Havana àti Matanzas, ni wọ́n pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni Ifá, bàtá àti ìsìn òrìṣà ti fìdí múlẹ̀ jù títí dòní. Ẹni tó bá gbé àwòrán ilẹ̀ pupa lé orí àwòrán ibi tí ìlù bàtá ti ń dún á rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ibùgbé tuntun náà sì kan ìsìn. Yemọja tí ará ilé mọ̀ mọ́ odò Ògùn di ẹni tó ni òkun níbẹ̀, àwọn olùfọkànsìn sì ń lọ bá a ní Regla, létí omi èbúté Havana. Ní erékùṣù tí odò rẹ̀ kúrú, tí òkun sì yí ká, ó nira láti rò pé ibòmíràn ni yóò gbé.

Ìjì pàápàá ran ìrèké lọ́wọ́. Kọfí ti fìdí múlẹ̀ lórí àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ìjì ńlá 1844 àti ti 1846 tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n wó igi kọfí lulẹ̀. Igi kọfí tuntun á gba ọdún mélòó kan kó tó so. Ìrèké á tún hù láti orí kùkùté láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ olóko kò padà sídìí kọfí mọ́. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, erékùṣù tó ń ta ẹran, awọ, tábà, kọfí àti pákó ti di erékùṣù tó gbé ara lé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo. Ìlànà ìsìnrú kò dópin níbẹ̀ títí di 1886.

Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn

Ìlà oòrùn kò jọ ìwọ̀ oòrùn. Òkè pọ̀ níbẹ̀, oko kéré, ọlọ ti di ti àtijọ́, gbèsè sì ń fún àwọn olóko lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá 1868, Carlos Manuel de Céspedes dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ ní oko rẹ̀, La Demajagua, nítòsí Manzanillo, ó sì kéde ogun òmìnira. Ogun náà gba ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò dé àárín gbùngbùn oko ṣúgà. Sípéènì lo ìrísí ilẹ̀ náà: níbi tó ti tóóró, láti Júcaro ní etíkun gúúsù dé Morón ní àríwá, wọ́n fi odi, ọgbà àti ilé ìṣọ́ dínà, ó tó nǹkan bí 68 kìlómítà. Nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895, Antonio Maceo àti Máximo Gómez la ìdínà yẹn kọjá. Ní oṣù kìíní 1896, Maceo dé Mantua, ní òpin ìwọ̀ oòrùn, iná sì jó oko ìrèké lọ rẹpẹtẹ lẹ́yìn wọn.

Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn òkè ìlà oòrùn yẹn kan náà ló fi Fidel Castro àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tó ń bá ìjọba jà pamọ́. Wọ́n gúnlẹ̀ ní oṣù kejìlá 1956, wọ́n sá wọ Sierra Maestra, wọ́n sì wọ Havana ní oṣù kìíní 1959.

Aládùúgbò tí kò lè kó lọ

Nǹkan bí 150 kìlómítà ló wà láàárín Kúbà àti Key West ní Florida. Nígbà tí Florida jẹ́ irà tí ènìyàn ò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Bí Amẹ́ríkà ṣe ń gbòòrò ni ó di ọ̀rọ̀ ńlá. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Amẹ́ríkà ló ń ra ọ̀pọ̀ jù lọ ṣúgà Kúbà. Ní 1898, ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọlé. Ní 1902, Kúbà gba òmìnira tí àdéhùn so lọ́wọ́. Ní 1903, Amẹ́ríkà gba Guantánamo fún ọkọ̀ ogun rẹ̀. Wọn kò ṣèèṣì yan ibẹ̀: Guantánamo sún mọ́ ọ̀nà omi tó wà láàárín Kúbà àti Háítì, ibi tí ọkọ̀ tó bá ń ti etíkun Amẹ́ríkà lọ sí Panama ń gbà. Owó Amẹ́ríkà gbé ọlọ ńláńlá dìde ní Camagüey àti Oriente, igbó ńlá sì run. Nígbà tí 1959 fi máa dé, igbó kò kọjá nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Kúbà.

Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti 1959, Amẹ́ríkà dá ríra ṣúgà dúró ní 1960, ó sì fòfin de òwò pẹ̀lú Kúbà ní 1962. Oníbàárà tuntun, Soviet, wà ní nǹkan bí 10,000 kìlómítà; ó ń gba ṣúgà, ó ń fi epo rọ̀bì sanwó. Ìsúnmọ́ra Kúbà àti Amẹ́ríkà náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun àgbáyé sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1962, nígbà tí wọ́n rí ohun ìjà átọ́míìkì Soviet ní Kúbà, níbi tí ó ti lè dé Washington láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà kan ní 1992 sọ pé ọkọ̀ tó bá dúró ní èbúté Kúbà nítorí òwò kò gbọ́dọ̀ já ẹrù ní Amẹ́ríkà fún 180 ọjọ́. Kò sí ohun tó fi bí ipò erékùṣù ṣe lè yí padà hàn tó o. Ní 2014, wọ́n ṣí èbúté kọ̀ńténà ńlá ní Mariel, pẹ̀lú owó yíyá láti Bùràsíìlì, iléeṣẹ́ PSA ti Singapore sì ń bójú tó o. Omi rẹ̀ jìn, wọ́n sì ń retí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ọ̀nà omi Panama tí wọ́n mú gbòòrò ní 2016 yóò mú wá. Ibi tó wà kò ní àléébù kankan lórí máàpù. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tó ń ná ọjà Florida kò ní fẹ́ fi 180 ọjọ́ ṣòfò.

Ohun tí ilẹ̀ náà kò ní

Kúbà kò ní èédú ilẹ̀ tó tó nǹkan. Odò rẹ̀ kúrú, nítorí náà iná mànàmáná láti ara omi kéré. Hanabanilla, tó tóbi jù nínú wọn, kò tó mẹgawáàtì 50. Epo wà ní etíkun àríwá láàárín Havana àti Cárdenas, ṣùgbọ́n ó ki, imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì tó lò. Nígbà tí Soviet túká ní 1991, epo gé. Ọrọ̀ ajé Kúbà sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nù láàárín ọdún díẹ̀. Màlúù padà sídìí ìtúlẹ̀, àwọn ará ìlú gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà, wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ sáàárín ilé ní Havana. Ìfaradà àwọn ènìyàn yẹn yẹ fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ebi pa wọ́n.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá 2024, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ iná Antonio Guiteras ní Matanzas kú, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ tó ti gbó àti àìtó epo ló fà á. Síbẹ̀, ọwọ́ erékùṣù wà nínú rẹ̀. Bí iná Pọtogí bá dínkù, ó lè gba láti Sípéènì, Sípéènì náà lè gba láti Faransé. Wáyà Kúbà parí sétí òkun. Kò sí ẹni tó lè ti aládùúgbò fi iná ràn án lọ́wọ́, iléeṣẹ́ tó bá wó á fa àwọn yòókù lulẹ̀.

Ìrèké fúnra rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Kúbà ń ṣe ṣúgà tó mílíọ̀nù 7 sí 8 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní 2002, ìjọba ti nǹkan bí ìdajì àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ pa; lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tí wọ́n ń ṣe kò tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ti ń ra ṣúgà láti òkèèrè. Ilẹ̀ pupa mìíràn ló kù tó ń mú owó wọlé, èyí tó wà ní Moa, ní ìlà oòrùn: òkúta tó ti jẹrà láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, tí níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìjì, omi dídùn àti omi iyọ̀

Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá, òkun Kàríbíánì á gbóná, ìjì ńlá á sì máa gbéra láti orí rẹ̀. Erékùṣù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 1932, ìjì ti òkun wọ Santa Cruz del Sur ní etíkun gúúsù, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú. Òkun ibẹ̀ kò jìn. Nígbà tí ìjì bá ti omi sórí ibi tí kò jìn, kò sí ibòmíràn tí omi yẹn lè gbà ju ìlú lọ.

Ìjì Flora ti 1963 kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó yípo ìlà oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, Cauto kún àkúnya, ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dí odò káàkiri. Ìsédò ńlá tó lé ní 200 ló wà níbẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dá àgbàrá dúró nígbà òjò, wọ́n sì ń pa omi tí ì bá ṣàn lọ sínú òkun mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n tún kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọn yóò ṣe kúrò nílé kí ìjì tó dé, ẹni tí yóò gbé arúgbó àti ibi tí wọn yóò sùn. Nígbà Ìjì Ike ní 2008, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tí wọ́n kó kúrò. Ilé wó lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn méje ló kú. Orílẹ̀-èdè tó lówó jù ú lọ fíìfíì ti pàdánù ẹ̀mí púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ sínú ìjì.

Ewu tó kù kì í pariwo bíi ti ìjì. Òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ pupa kún fún ihò, inú ihò wọ̀nyẹn ni omi dídùn ń gbé, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú àti oko ti ń fa omi. Bí wọ́n bá fà á jù, omi òkun á gba abẹ́ wọlé rọ́pò rẹ̀, kànga á di oníyọ̀. Òkun tó ń ga sí i ń mú un yá kánkán, pàápàá ní etíkun gúúsù tó rẹlẹ̀. Ní 2017, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Tarea Vida. Ó ka ilé tuntun léèwọ̀ létí òkun níbi tí ewu ti pọ̀, ó fẹ́ kí wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò, ó sì ní kí wọ́n tún gbin igbó ẹ̀gbà sí etíkun, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń dá ìgbì dúró. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ìpele títí di ọdún 2100. Ó gba owó, ó gba símẹ́ǹtì, ó gba epo fún katakata, gbogbo èyí tí Kúbà ń wá lójú méjèèjì báyìí, nígbà tí àwọn ìdílé kan létí òkun gúúsù ti ń bu omi mímu láti inú táńkà tí ọkọ̀ gbé wá.